Ẹlẹ́rìn-ín Ló Ń Bọ̀ Wá Sílé

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé orin lásán ni. Alágbàfọ̀ ni ìyá mi, ẹ̀gbẹ́ bàsíà ìfọṣọ rẹ̀ ni mo dàgbà sí. Orin tí ìyá tó bí i fi ń fọṣọ lòun náà fi ń fọṣọ. Kálukú ìyá ló máa ń fi orúkọ ọmọ tirẹ̀ sí i: ta ló ń bọ̀ wá sílé? Lágbájá ló ń bọ̀ wá sílé. Èmi ni wọ́n ń kọ́kọ́ pè, àbúrò mi obìnrin tẹ̀lé mi, àbíkẹ́yìn wa, Ẹlẹ́rìn-ín, ló ń kádìí orin.

Ẹlẹ́rìn-ín ò dàgbà. Ibà ló mú un lọ. Látìgbà náà, bàbá mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ ọmọ náà nílé. Inú orin yẹn nìkan ni ìyá mi ti ń rí ọmọ rẹ̀ pè.

Ọ̀gbẹ́ni kan wá gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ wá bá wa. Ó ní orin àtijọ́ ń parun, òun fẹ́ bá wa tọ́jú wọn. Inú ìyá mi dùn ṣìnkìn. Ó nu ọwọ́ nù, ó kọ ọ́ látòkè délẹ̀. Èmi aláìmọ̀kan tiẹ̀ tún bu omi tútù fún ọkùnrin náà mu.

Àfi bí mo ṣe ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì oníbàárà láàárọ̀ ọjọ́ kan tí rédíò bàbá mi gbé orin wa sẹ́nu. Ọmọge kan ló ń fi imú kọ ọ́. Ìgbà tó dé ìdí orin, ó ní, “Ọṣẹ Tónítóní ló ń bọ̀ wá sílé.” Ọṣẹ! Wọ́n yọ òkú ọmọ kúrò, wọ́n fi ọṣẹ ìfọṣọ dí àyè rẹ̀. Ìyá mi rọra gbé aṣọ tó ń fún sílẹ̀. Ẹni tí a ní kó kín wa lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́.

Mo lọ bá ọ̀gbẹ́ni agbohùnsílẹ̀ yẹn ní ọ́fíìsì rẹ̀, mo ní kó yọ orin náà kúrò. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ fara balẹ̀. Orin àtijọ́ kì í ṣe ti ẹnì kan, gbogbo wa la ni ín.”

“Tí gbogbo wa bá ni orin,” mo bi í, “ṣé gbogbo wa la jọ bí ọmọ?”

Ó fún mi ní páálí ọṣẹ kan. Ẹ gbọ́ o, ọṣẹ! Orí tábìlì rẹ̀ ni mo fi í sí, kí n má baà sọ ọ́ lù ú.

Nígbà tí mo délé, àwọn ọmọ àdúgbò ń fi orin Tónítóní ṣeré níta. Ìyá mi wà nídìí bàsíà. Ó dá orin náà, ó pè mí, ó pe àbúrò mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀: “Tónítóní ló ń…”

Ó fi ọwọ́ ọlọ́ṣẹ bo ẹnu. Ó wò mí.

“Kí ni mo pe ọmọ mi?”

Bàbá mi ló jáde láti yàrá, ó gbé rédíò rẹ̀, èyí tí kì í jẹ́ ká fọwọ́ kàn, ó sì rì í bọ inú omi ọṣẹ. Orúkọ mi ni bàbá mi fi ń pe ìyá mi látọjọ́ tí mo ti dáyé. Lọ́jọ́ náà, kò fi orúkọ mi pè é.

“Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín,” ó ní, “tún un kọ.”