Òwúrọ̀ Tí A Ò Ṣe Oore-ọ̀fẹ́

Orin kejì níbi àdúrà òwúrọ̀ ni wọ́n ń kọ lọ́wọ́ nígbà tí Olúrẹ̀mí ṣàdédé di apá àga mú, tó figbe ta: "Mummy! E don dey come o!"

"Kí ló ń bọ̀, ìyàwó mi?" Ọmọlará kò tíì gbójú kúrò nínú ìwé orin.

"Omi ti dà, Màámi!" Tóbilọ́ba ọmọ rẹ̀ ti fò dìde. "Ọmọ ń bọ̀!"

Ni ilé bá gbóná. Tóbilọ́ba gbé báàgì ìyàwó rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó tún gbé e. Ó ki ẹsẹ̀ kan bọ bàtà ìyá rẹ̀.

"Ẹ dúró ná!" Ọmọlará na ọwọ́ sókè. "Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ ka Bíbélì, ká sì ṣe oore-ọ̀fẹ́. A kì í fi àdúrà sílẹ̀ láàárín ọ̀nà."

"Màámi, ṣé ẹ fẹ́ kó bímọ sórí ìwé orin ni?"

Láti ìgbà tí Ọmọlará ti dé Ikpoba Hill ní Benin gẹ́gẹ́ bí ìyàwó, ẹnikẹ́ni kì í jáde nílé rẹ̀ láàárọ̀ láìjẹ́ pé gbogbo wọn di ọwọ́ ara wọn mú, kí wọ́n sì jọ ṣe oore-ọ̀fẹ́. Odi ilé rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí oyún bàjẹ́ lára Olúrẹ̀mí lọ́dún tó kọjá, ohun tí Ọmọlará ń bi ara rẹ̀ ni pé òwúrọ̀ wo ni àwọn kánjú gbàdúrà.

Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n wọ̀ sáré sọ̀ kalẹ̀ sí ọ̀nà afárá. Ọmọlará bẹ̀rẹ̀ Sáàmù kan, kòtò gbé wọn sọ sókè, ó gbàgbé ibi tó kà dé.

"A ò parí àdúrà," ló wí. "Olúrẹ̀mí, a ò parí ẹ̀ o. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí ńkọ́?"

Olúrẹ̀mí fún ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra, òógùn bò ó lójú. "Mummy, God no be gateman. E no go lock gate because we late."

Ẹ̀rín pa ọlọ́kẹ̀kẹ́. "Aunty, you sabi preach o! Abeg, hold body, we don reach."

Ọmọlará ń ro ọ̀rọ̀ náà bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni òun ti ń gbàdúrà láti ọjọ́ yìí wá, bí ẹni tó ń bẹ ọlọ́dẹ kó má sùn?

Ní ọsibítù, wọ́n ní kí òun àti Tóbilọ́ba dúró síta. Ó la ẹnu láti gbàdúrà gígùn tó mọ̀ ọ́n gbà, àmọ́ "Olúwa, ṣàánú" nìkan ló jáde. Ó tún un wí. Kò rí òmíràn sọ, bẹ́ẹ̀ ni àyà rẹ̀ sì ń fúyẹ́.

Igbe ọmọ sọ! Tóbilọ́ba fò mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Nọ́ọ̀sì ṣí ilẹ̀kùn pẹ̀lú ẹ̀rín, eyín rẹ̀ funfun báláú, ó gbé ọmọ dání.

"Mama, na girl! Mama pikin dey kampe!"

"Háà! Jésù ṣeun! Màámi, ẹ gbọ́? Obìnrin ni!" Tóbilọ́ba ń jó, ó ń sunkún.

"Oya, Mama," ni nọ́ọ̀sì wí, "I know una, una no dey miss prayer. Pray first before you carry am." Nọ́ọ̀sì dijú. Tóbilọ́ba náà tẹríba, ó ń retí.

Ọmọlará wo ọmọ náà, tó di ẹ̀ṣẹ́, tó ń yán.

"Ẹ lajú yín," ló wí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé e."