Orin Àyìndé ní Dowa

Orí yéye ní Mògún, tàìṣẹ̀ ló pọ̀. Kí ni Abibou, ọkọ Sàlámọ̀, ṣe? Gìtá lásán ló ta sórin ìyàwó rẹ̀. Sàlámọ̀ ló fi ẹnu ara rẹ̀ ki Mínísítà Àyìndé, ẹni tó ra gìtá náà fún ẹgbẹ́ wọn. Awo tí wọ́n gbé orin náà sí ò tíì pé oṣù kan níta tí àwọn sójà fi gbàjọba, tí wọ́n ti Àyìndé mọ́lé. Orúkọ Abibou ni wọ́n tẹ̀ sára páálí awo, òun náà ni wọ́n wá mú. Ìyẹn ló ń dun Sàlámọ̀ jù.

Ní Ọjọ́bọ̀, Kamaradi Hilaire, tíṣà tó di ọ̀gá kọ́míté ìjọba tuntun ní àdúgbò wọn, Dowa, wá bá a nílé.

"Kamaradi Sàlámọ̀, lọ́jọ́ Àìkú, ẹ óò kọrin Rẹfolisiọ̀n, ìyípadà tí ìjọba wa mú wá, ní gbàgede. Tó bá wọ ará ìlú lára, ọkọ yín á sùn sílé."

Ọjọ́ mẹ́ta! Ta ló ń fi ọjọ́ mẹ́ta hun orin fún ẹlẹ́gbẹ́ mẹ́jọ? Augustin afunfèrè ní kí wọ́n mú orin Àyìndé, kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀, kí wọ́n fi Rẹfolisiọ̀n rọ́pò.

"Oríkì ilé wọn ńkọ́?" Sàlámọ̀ bi í.

"Ẹ fi sílẹ̀ jàre, òun ló dùn níbẹ̀."

Sàlámọ̀ gbà. Ìbẹ̀rù ọkọ ò jẹ́ kó ronú. Háà, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ìlẹ̀kẹ̀ loríkì, tí wọ́n á bọ́ lọ́rùn ẹnì kan so mọ́ ẹlòmíràn?

Lọ́jọ́ Àìkú, gbàgede kún fọ́fọ́. Kọ́míté ti pàṣẹ pé ilé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kó èèyàn wá, àwọn obìnrin agbo ilé Àyìndé ló sì wà níwájú. Hilaire jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín. Sàlámọ̀ gbé ohùn sókè:

"Ọmọ a-fọ̀sà-ṣọ̀nà, ọmọ a-wakọ̀-má-bẹ̀rù-ìjì…"

Kò tíì dé ibi Rẹfolisiọ̀n tí àwọn obìnrin náà fi gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Àyìndé o!"

Ta ló ń gbọ́ oríkì ilé rẹ̀ tó ń panu mọ́? Sàlámọ̀ pariwo Rẹfolisiọ̀n, wọ́n pariwo ju tirẹ̀ lọ. Ó ní kí Augustin àtàwọn yòókù dákẹ́. Wọ́n dákẹ́, àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́ lọ ní tiwọn. Gbogbo gbàgede ti bá wọn gbé e.

Hilaire dìde. Ẹ̀rín ti tán lójú rẹ̀.

"Kamaradi, ẹ dákun, mi ò rán wọn níṣẹ́!"

"Lọ́la ni wọ́n ń gbé ọkọ yín lọ sẹ́wọ̀n lápá àríwá. Ẹ má wulẹ̀ gbé oúnjẹ wá fún un mọ́."

Ó wọ jíìpù lọ. Sàlámọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá tó dàgbà jù nílé Àyìndé wá dì mọ́ ọn, òógùn bò ó, ó ń rẹ́rìn-ín.

"O káre, ọmọ mi! Gbogbo ayé ló ti sá fún wa, àfìwọ. Ṣó o rí i pé a ò jẹ́ kó o dá a kọ?"

Sàlámọ̀ wojú ìyá náà. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Ìyá àgbà."