Ìyá Àgbà Mẹ́tàlélógójì Kú Lọ́jọ́ Kan

Ohun tí Tíṣà Morónkẹ́ ń fẹ́ kò pọ̀. Ó kàn fẹ́ kí ọmọ kan, ọ̀kan péré, nínú kíláàsì rẹ̀ ní Ọ̀dẹ̀dá ka ìwé ìtàn, kó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn ara rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ń kọ nótì sójú pátákó, tí àwọn ọmọ ń dà á kọ, tí wọ́n ń há a sórí, tí wọ́n sì ń bì í sórí ìwé ìdánwò. Ó ti sú u.

Ọ̀gá àgbà ilé ìwé náà, Alhaji Sàlàhúdíìnì, kò gba ti ọgbọ́n tuntun yìí, pé kí ọmọ máa kọ èrò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá fi pẹ́ńsù kan ẹ̀gbẹ́ ìwé ti ba ìwé jẹ́ nìyẹn.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Àmọ́ tí mi ò bá rí èrè kankan níbẹ̀ títí di Jímọ̀, ẹ máa pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, ẹ ó sì padà sídìí nótì yín."

Lọ́jọ́ Ajé, Morónkẹ́ wọ kíláàsì tayọ̀tayọ̀. "Ẹ̀gbẹ́ ìwé yẹn, tiyín ni. Ibi tó bá dùn mọ́ yín, ibi tó bá bí yín nínú, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

Àwọn ọmọ ń wò ó bí ẹni tó ní kí wọ́n lọ gbá Lèmọ́mù létí. Abdulkabir nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí la máa kọ?"

"Ohun tó wà lọ́kàn yín."

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa kọ ọ́ sójú pátákó."

Àánú wọn ṣe Morónkẹ́, ibẹ̀ ló sì ti ṣi ẹsẹ̀ gbé. Wọ́n ń ka ibi tí ọmọbìnrin inú ìtàn náà ti padà sí abúlé lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, tó bá ilẹ̀kùn ìyá àgbà rẹ̀ ní títì, tí wọ́n ti sin ín. Morónkẹ́ mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́ gàdàgbà: *Ibí yìí pa mí lẹ́kún. Mo rántí ìyá àgbà tó tọ́ mi dàgbà, tó ti kú.* Ó ní, "Àpẹẹrẹ ni o!" Ta ló gbọ́?

Nígbà tó yẹ ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé wò ní Ọjọ́bọ̀, Abdulkabir ní òun sunkún. Lydia sunkún. Zàíd, tí ẹnikẹ́ni ò rí omi lójú rẹ̀ rí, òun náà sunkún. Kí aago méjìlá tó lù, ìyá àgbà mẹ́tàlélógójì ti kú ní Ọ̀dẹ̀dá. Morónkẹ́ gbórí lé tábìlì, inú rẹ̀ bàjẹ́ gan-an.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé, ọ̀gá àgbà dé. Ó ṣí ìwé àkọ́kọ́, ó ṣí ìkejì, ó ṣí ìkarùn-ún.

"Tíṣà, ẹ kú aráfẹ́rakù o. Òkú yìí mà pọ̀!"

Bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni obìnrin kan já wọ kíláàsì. Alhájà Làtífátù ni, tó ń ta bútà àti ẹní ìkírun ní Abẹ́òkúta. Ó di ọmọọmọ rẹ̀, Rodiat, mú lọ́rùn ọwọ́, ó sì ki ìwé rẹ̀ bọ abíyá. Ó wá kí wọn nílé ọmọ rẹ̀ lánàá, ni Lubabah, àbúrò Rodiat, tí kì í rí ohun tí wọ́n kọ kó má kà á sókè, bá ka ẹ̀gbẹ́ ìwé náà sí i létí.

"Ta ló pa mí nínú yín?" Ó yọ ìwé náà lábíyá. "Èmi tí mo tọ́ ọmọ yìí fún ọdún mẹ́sàn-án! Mò ń jẹ ẹ̀bà mi lọ́wọ́, wọ́n ń ka ikú mi fún mi!"

Rodiat bú sẹ́kún. "Ẹ má bínú, Ìyá àgbà. Ojú pátákó ni mo ti rí i."

"Ṣé pátákó ló tọ́ ẹ ni? Pa á rẹ́! Kọ òótọ́!"

Rodiat yá rọ́bà lọ́wọ́ Lydia. Ó pa á rẹ́, ó kọ̀wé, ó tún kọ̀wé, títí ẹ̀gbẹ́ ìwé fi kún. Ó wá fi ohùn jẹ́jẹ́ kà á:

"Ìyá àgbà mi ò kú. Mi ò sunkún níbí, inú ló bí mi. Ọdún mẹ́rin! Ọmọ inú ìtàn yìí mọ ọ̀nà. Àmọ́ èmi náà, láti Iléyá ni mo ti dé ọ̀dọ̀ Ìyá àgbà kẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ mọ́tò kan péré ni. Ẹ̀rù ń bà mí pé èmi gan-an lọmọ yìí."

Ọ̀gá àgbà gba ìwé náà, ó tún un kà.

Ó ní, "Èyí ò sí lójú pátákó. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, Tíṣà."

Ayọ̀ gba ọkàn Morónkẹ́ kan, díẹ̀ ló kù kó fò sókè. Inú Alhájà náà ti rọ̀. Ó nawọ́ sí gbólóhùn ojú pátákó, ó yíjú sí Morónkẹ́ tàánútàánú.

"Ọmọ mi, ìwọ tí ìyá àgbà tìẹ kú ní tòótọ́, kí lorúkọ wọn, ká bá wọn ṣàdúà?"

Ara Morónkẹ́ bù máṣọ. Ìyá àgbà tó tọ́ ọ wà ní Kọ́bapẹ́, bóyá ó tilẹ̀ ń yan gàrí lọ́wọ́ báyìí. Gbólóhùn yẹn kàn dùn lójú pátákó ni. Láti ọdún tuntun, Morónkẹ́ ò tíì débẹ̀.

"Wọn ò tíì kú, mà," ló fi ẹnu tó wúwo sọ. "Wọ́n wà ní Kọ́bapẹ́."

Gbogbo kíláàsì pariwo, "Háà!"

Alhájà wò ó títí. Ó gba rọ́bà lọ́wọ́ Rodiat, ó fi í lé Tíṣà lọ́wọ́.

"Ọ̀la ò sí ilé ìwé," ó ní. "Lọ jí wọn dìde."