Aṣọ́bodè Tó Da Ẹja Ìyá Mi Nù

Ìyá Dàpọ̀, jẹ́ kí n sọ àlá yìí kí n tó gbàgbé ẹ̀. O rántí aṣọ́bodè òyìnbó tó da ẹja gbígbẹ tí ìyá mi dì fún mi sínú garawa ìdọ̀tí, nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ sí yunifásítì lókè òkun? Ó ní oúnjẹ wa ń kó àrùn wọ̀lú. Ìyá mi kú kí n tó padà dé, n kò sì tọ́ irú ẹja bẹ́ẹ̀ wò mọ́.

Lójú àlá, èmi ni mo wọ aṣọ aṣọ́bodè, òun ló dé sí pápákọ̀ òfurufú tiwa. Ìyá mi jókòó lórí rọ́bà tó ń gbé ẹrù yípo, ó dáná sáàárín àpótí àwọn èèyàn, ó ń yan ẹja. Rọ́bà á gbé e lọ, á tún gbé e dé, èéfín á máa tẹ̀ lé e.

Mo ní, "Ọ̀gá, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ńkọ́?"

Ó mú un jáde. Mo gbà á, mo jẹ ẹ́, mo gbé e mì. Mo ní, "Ìwé ọ̀hún dà?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá tó dán mọ́rán bẹ̀ mí: "Baba, ẹ ṣàánú mi."

"Àrùn lo kó wá. Ó yá, bọ́ sínú garawa."

Ó ti ki ẹsẹ̀ kan bọ̀ ọ́, ó ń sunkún, àánú rẹ̀ sì fẹ́ máa ṣe mí. Ni rọ́bà bá tún gbé ìyá mi dé.

"Àkànní, kí lò ń wò? Èéfín ẹja tó dà nù yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ mi lójú. Tì í!"

Mo fi gbogbo agbára tì í, ni mo bá gbọ́ tí o pariwo nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn wa.