Òdo Ìyá Akọ̀wé

Ìyá Akọ̀wé ti fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn yàrá òògùn kí àwọn tó wá kó páálí abẹ́rẹ́ tó débẹ̀.

"Ẹ yà fún wa, Ìyá," awakọ̀ wọn wí. "Ká ní ẹ tiẹ̀ sanra ni, ẹ̀rù yín ì bá bà mí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ta ni kì í pa Ìyá Akọ̀wé lẹ́rìn-ín? Àmọ́ kò yà.

Dókítà ló mú lẹ́tà jáde. Ìgbìmọ̀ ìlera àgbáyé ti jókòó, wọ́n ní ibà burúkú náà ti tán ládùúgbò yìí, kí wọ́n kó abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ síbòmíràn.

"Ta ló sọ fún wọn?"

"Ẹ̀yin ni, mà."

Ó fi hàn án. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni lóòótọ́, tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti tẹ̀ sínú ìwé ńlá: ọdún mẹ́ta gbáko, òdo, òdo, òdo. Bó bá ti ń kọ ọ́, orin ló máa ń fi rẹ̀ ẹ́ bí ọmọ ọwọ́:

*Òdo roboto, má bímọ o,*
*òdo roboto, dá wà.*

Ṣùgbọ́n ohun kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù tó ń kọ lóṣooṣù ń béèrè: mélòó ló kú lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn? Bẹ́ẹ̀dì mẹ́rin péré. Bí ara aláìsàn bá ti le jù, ẹbí rẹ̀ á gbé e lọ sílé, kó lè kú sọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá Akọ̀wé ti bi ọ̀mọ̀wé tó wá kọ́ wọn níṣẹ́ náà pé, "Ẹni tó kú sílé ńkọ́, sà?"

"Ti ilé kọ́ là ń kà, mà."

Ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù. Nígbà tí ibà yìí pa àbíkẹ́yìn rẹ̀ lórí itan rẹ̀ nílé, ó padà sẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ kẹta, ó sì kọ òdo. Lóṣù yẹn, kò kọrin.

"Dókítà ọmọ mi, ẹ yá mi ní bírò. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi kún un."

"Ìpàdé ti parí, Ìyá." Dókítà kò lè wo ojú rẹ̀.

Ó yà. Páálí mẹ́sàn-án kọjá lọ níwájú rẹ̀.

Nínú yàrá kejì, ìyá ọlọ́mọ kan ti ń pọn ọmọ rẹ̀. Ara ọmọ náà gbóná bí iná.

"Mo ti gbọ́ pé wọ́n ti kó abẹ́rẹ́ lọ, mà. Ẹ jẹ́ n máa gbé e lọ sílé."

Ìyá Akọ̀wé gbá ọ̀já mú. "Má lọ! Mo bẹ̀ ọ́, má gbé e lọ sílé. Ibí ni wọ́n ti ń kà á."

Obìnrin náà yíjú wò ó.

Ìgbà náà ni Ìyá Akọ̀wé tó gbọ́ ohun tí ẹnu òun sọ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lára ọ̀já, kò sì mọ̀ mọ́ bóyá nítorí kí ọmọ náà lè yè lòun ṣe dì í mú, àbí kí òun lè rí nǹkan kọ.