Kì Í Ṣe Ẹsẹ̀ Mi, Èédú Ni

Bọ́láwálé, ọmọ tí mo bí, tí mo pọ̀n, tó tọ̀ sí mi lẹ́yìn títí ó fi mọ̀ ọ́n rìn, òun ló fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́ mi. Ó ní mo ti pé ọdún méjìléláàádọ́rin, ẹsẹ̀ mi ti wúwo, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra tẹ tọ́tù mọ́.

Òótọ́ ni pé mo wúwo. Bí mo bá jókòó sínú mọ́tò yẹn, apá ọ̀dọ̀ mi á kọ́kọ́ lọ sílẹ̀ kí n tó ṣáná sí i. Ṣùgbọ́n ìdí kọ́ la fi ń wa mọ́tò.

Ohun tó fa ìjà ni pé, láràárọ̀ tí mo bá ṣáná sí mọ́tò pupa kékeré náà nílé wa ní Ailegun, á máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Iná ìkìlọ̀ á tàn lójú mi. Á máa húkọ́, hẹ̀, hẹ̀, hẹ̀, títí ara rẹ̀ á fi móoru. Èmi náà, bí mo ṣe ń jí nìyẹn. A jọ ń húkọ́ ni.

Ṣùgbọ́n mọ́tò yẹn ló ń gbé ìdì aṣọ tí mò ń tà lọ sí ọjà Aswani lọ́jọ́ Tusidé. Òun ni mo fi ń jáde nílé láìbẹ ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá gbà á, mo di ẹrù tí wọ́n á máa gbé láti àga dé àga nìyẹn.

"Mọ́mì, a ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, a ti pààrọ̀ kọ́ìlì," Bọ́láwálé wí. "Ohun kan ṣoṣo tí a ò tíì pààrọ̀ ni ẹsẹ̀ yín."

"Wá yọ ọ́, kí o fi tìẹ sí i."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bó bá di Sátidé tí mọ́tò ṣì ń gbọ̀n, títà ni òun máa tà á.

Àgbékẹ́, ọ̀rẹ́ mi tó ń tajà ní Bọ́ládé, ló júwe Tẹjúmọ́lá fún mi, obìnrin mẹkáníìkì kan tí ọgbà rẹ̀ kò jìnnà sí Aswani. Ní Tọ́sidé, mo wa mọ́tò lọ síbẹ̀. Bọ́láwálé jókòó tì mí, ó ń ṣọ́ ẹsẹ̀ mi bí ọlọ́pàá.

Obìnrin náà á tó ẹni ogójì ọdún. Apá rẹ̀ ki bí ọmọ odó. Ó kúnlẹ̀ kí mi lórí ilẹ̀ tí epo ti rin, ó wá béèrè pé, "Àárọ̀ ló máa ń gbọ̀n jù, àbí ọ̀sán, mà?"

"Àárọ̀ ni."

"Ẹ ti da oògùn tí wọ́n fi ń fọ ẹ́ńjìnnì sínú táǹkì?"

Bọ́láwálé yíjú wò mí. Ẹ̀rín pa mí. "Ìgò mẹ́ta, ọmọ mi. Mo tiẹ̀ gbàdúrà sí ìkẹta."

Òun náà rẹ́rìn-ín. "Àdúrà yẹn á gbà, mà. Oògùn yẹn ni ò dé ibi tó ń dùn ún." Ó ní fáàfù ni ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọnú ẹ́ńjìnnì. Nínú mọ́tò àtijọ́, petiróòlù máa ń gba ẹnu ilẹ̀kùn yẹn kọjá, á sì máa fọ̀ ọ́ lọ. Nínú tèmi yìí, inú lọ́hùn-ún tààrà ni wọ́n ń fín petiróòlù sí. Fáàfù ò rí i rárá. Èéfín ọ́ìlì nìkan ló ń rí, èyí á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì gan bí èédú.

"Inú ìkòkò ni mò ń fọ̀, ìdí ìkòkò ló dúdú?"

"Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, mà!"

Síbẹ̀, kò gba ara rẹ̀ gbọ́ lásán. Ó ní ká fi mọ́tò sílẹ̀ kó tutù di ọjọ́ kejì. Nígbà tí a padà dé láàárọ̀ Fúráídé, ẹ̀rọ àyẹ̀wò rẹ̀ ní silíńdà kẹta, ọ̀kan nínú àwọn ihò tí petiróòlù ti ń jó, ló ń ṣàìsàn. Ó gbé kọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì tibẹ̀ sí ìkíní, ó ṣáná sí i. Silíńdà kẹta náà ló ṣì ń ṣàìsàn, ẹ̀bi kì í ṣe tiwọn. Ó tú ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà, ó ki kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, ó ní ká wo fóònù òun. Ẹ gbà mí! Ìsàlẹ̀ ìkòkò ìrẹsì tó jóná ni mo rí.

"Ẹ fi irin ha á, kó tán," ni Bọ́láwálé wí.

"Irin á ha irin, bọ̀dá." Ó bu nǹkan kan hàn wá nínú ike, ó rí bíi gaàrí tó pọ́n dúdú: èèpo èkùrọ́ ni, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n kù ú, láti Ṣàgámù. "Èyí le ju èédú lọ, kò sì le tó irin." Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ló máa fi fẹ́ ẹ lu èédú náà, ẹ̀rọ mìíràn á sì máa fa ìdọ̀tí jáde.

Ṣùgbọ́n kó tó fẹ́ ẹ, ó fi sípánà gígùn yí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, títí fáàfù fi pa dé. Bó bá là bí irun orí lásán, èèpo á kó wọlé, ẹ́ńjìnnì á sì bàjẹ́ pátápátá. Ó parí ìkíní, ó parí ìkejì. Nígbà tó kan ìkẹta, oòrùn ti ń ta wá.

"Ẹ bẹ̀rẹ̀ jàre, madam," ni Bọ́láwálé wí, "ó ti pa dé."

"Kò tíì pa dé, bọ̀dá."

"Mo ń wò ó níbí!"

Kò bá a jiyàn. Ó da ẹ̀kán kẹrosíìnì sí i, ó tan tọ́ọ̀ṣì. Kẹrosíìnì náà rọra jò lọ níṣojú wa. Ó yí sípánà síwájú díẹ̀, ó da òmíràn sí i. Èyí dúró. Ó fi àkísà nù ún gbẹ, kò wo ojú Bọ́láwálé rárá. Ní ìṣẹ́jú yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹni tí mo bí lọ.

Mo bá na ọrùn sí i láti wòran. Ó ṣí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́: wàààà! Eruku kan fò sí mi nímú, mo sín tó bẹ́ẹ̀ tí ìdí mi fi dá a lóhùn. Gbogbo ọgbà ló gbọ́.

"Ẹ má wò mí," mo ní. "Fáàfù tèmi náà ò pa dé dáadáa."

Tẹjúmọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó dìde, ó fẹ́ ẹ tán, ó gbá gbogbo rẹ̀ mọ́, ó tún fi kámẹ́rà wò ó. Irin náà ń dán bí ṣíbí tuntun.

Láàárọ̀ Sátidé tí mọ́tò ti tutù tán, a padà sí ọgbà, Bọ́láwálé ló ṣáná sí i fúnra rẹ̀. Kò gbọ̀n. Ó pa á, ó tún ṣí i, ó tún pa á. Ó jẹ́ẹ́ bí ọmọ tó yó. Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó dì í mú.

"Ó dára," ó ní. "Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí Mọ́mì…"

Mo súnmọ́ ilẹ̀kùn mọ́tò.

"Bọ̀dá," ni Tẹjúmọ́lá wí, ó ń nu ọwọ́, "ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Èédú yẹn á tún padà wá lọ́jọ́ kan, bí irú mọ́tò yìí ṣe rí nìyẹn. Ohun tó ń jẹ́ kó tètè pọ̀ ni pé láti Ailegun dé Aswani, ara rẹ̀ kì í tíì móoru tán tí wọ́n fi ń pa á. Ẹ jẹ́ kí Mọ́mì máa wà á lọ síbi tó jìn, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì."

"Ibi tó jìn bíi ibo?"

"Abẹ́òkúta ò burú."

Mo na ọwọ́. "Dókítà ló kọ oògùn yẹn o, Bọ́láwálé."

Ó wò mí, ó wo Tẹjúmọ́lá, ó wo mọ́tò. Ó fi kọ́kọ́rọ́ sí mi látẹ́lẹwọ́, ó lọ jókòó sápá kejì, ó di bẹ́líìtì mọ́ra pinpin, ó ń gbàdúrà wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tí a fi máa kọjá Ìfọ̀ lọ́nà Abẹ́òkúta, ó ti sùn lọ fọnfọn, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀.