Lẹ́tà Mẹ́ta Lẹ́yìn Gíláàsì

"Ẹyọ kan ṣoṣo la ní, ó sì ti jáde láti ọdún méjì," ni Sainabou, obìnrin tó ń bójú tó ilé ìkàwé ìjọba kan ní Banjul, wí fún Simbiat. "Ṣé o ò rí i lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni?"

"Ojú ewé mẹ́wàá ni wọ́n fi hàn mí, mà. Wọ́n ní kí n fi káàdì báǹkì ra ìyókù."

Nínú ìwé mọ́kànlá tí olùkọ́ wọn ní yunifásítì ní kí wọ́n kà, ìtàn òwò orí odò Gambia yìí nìkan ni kò tíì rí. Àròkọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ olùkọ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tún ọdún náà kà.

Sainabou ṣí ìwé àkọsílẹ̀. "Lẹ́tà mẹ́ta la ti kọ sí ẹni tó yá a. Alhaji Àjàmú Sàláhúdéènì, oníṣòwò aṣọ, New Town. Ṣé o mọ̀ ọ́n?"

"Rárá, mà," ni Simbiat fèsì. Bàbá rẹ̀ ni.

Ó mọ lẹ́tà mẹ́ta náà pẹ̀lú. Inú kọ́bọ́ọ̀dù onígíláàsì ní pálọ̀ ni wọ́n dúró sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìwé tí bàbá rẹ̀ rà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń kó kúrò ní Fajara, tí bàbá rẹ̀ fi bí wọ́n ṣe nípọn tó yàn, bí ẹni ń ṣa iṣu. Ìwé odò Gambia náà ní láti wà láàárín àwọn ìwé yẹn. Òǹtẹ̀ ìjọba ló kọjú sí àlejò. Alhaji kò ya ọ̀kankan rí. "Ìjọba ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni," ni ó máa ń wí. "Ta ní ń ya lẹ́tà ìjọba bí ẹni ń ya bisikíìtì?"

Nígbà tó délé, Bàbá Wùnmí, ẹlẹgbẹ́ Alhaji lọ́jà, wà ní pálọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó ń mu tíì.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ yá ìwé kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ti odò Gambia."

"Aláwọ̀ ewé yẹn? Mo ń kà á lọ́wọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tó dùn ni," ni Alhaji fèsì.

Bàbá Wùnmí bú sẹ́rìn-ín. "Alhaji ọ̀mọ̀wé! Kí ni ìjọba tiẹ̀ ń sọ nínú àwọn lẹ́tà yìí ná? Ojú lásán la fi ń rí wọn."

"Simbiat, mú ọ̀kan, kí o kà á fún bàbá ẹ yìí," ni Alhaji wí, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. " Ojú ń ro mí."

Simbiat ya ọ̀kan. Ìlà kejì ti mẹ́nu ba ọlọ́pàá.

"Wọ́n ní..." Ó yí lẹ́tà náà kúrò lójú Bàbá Wùnmí. "Wọ́n ní àwọn kí Alhaji. Wọ́n ní kò sí irú ìwé aláwọ̀ ewé náà mọ́ ní gbogbo ìlú, kí Alhaji jọ̀ọ́, yọ̀ǹda rẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́."

"Ẹ ò rí nǹkan!" Bàbá Wùnmí dìde, ó bọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́. "Ìjọba ń tọrọ ìwé lọ́wọ́ yín!"

Alhaji na ọwọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Ó gbé ìwé náà lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ bí ẹni ń fi ọmọ fọ́kọ.

Àlejò lọ. Simbiat ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ kí Alhaji tó sọ̀rọ̀.

"Ìyá rẹ ló máa ń ka lẹ́tà fún mi." Kò wo ojú rẹ̀. "Èmi àti òun nìkan la mọ̀."

Ó wọlé, ó gbé àpò ọ̀rá kan jáde, ó dà á sórí ẹní. Lẹ́tà ni: ti onílé, ti àbúrò rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn, ti ilé ìwòsàn tí ìyá Simbiat kú sí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, ẹnikẹ́ni kò ya ọ̀kankan.

"Jókòó, kà wọ́n," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n, Simbiat, má kà wọ́n bí o ṣe ka ti àkọ́kọ́ yẹn."